Àpótí Dardo

Igi mẹ́fà péré ni òfin ní ká gbìn,
síbẹ̀ igbó ni wọ́n ń pè é.
Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Dardo ti lọ forúkọ sílẹ̀,
ó tò sẹ́yìn arúgbó kan tó fẹ́ ra sítáǹbù,
ó ṣí fìlà, àfi bí ẹni tó wá gbìyàwó.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìdáná ló so wọ́n kọ́ sí,
wọ́n dorí kodò bí aṣọ tí a fọ̀.
Odò Uruguay gba ojú fèrèsé wọlé lóru,
ó mí sí wọn lára.
Kó tó di ọjọ́ karùn-ún wọ́n ti bu,
wọ́n hu irun funfun bí etí ológbò.
Ó kó gbogbo rẹ̀ dà sórí ààtàn,
kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú,
bí ẹni pé èmi ni mo pe odò wọlé.

Lọ́dún yìí ó ní àpótí lòun máa kàn.
Dardo! Tó fi ọgbọ̀n ọdún gé ẹran nílé-iṣẹ́ ẹran,
tí kò kan ìṣó kankan rí nínú ilé yìí
yàtọ̀ sí èyí tó ń fi fìlà kọ́.
Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó kù díẹ̀ káàtó,
ó wọ́n èébú sí pákó lórí,
ó tún un gé.
Inú kọ̀ǹpútà tó ti kú ló ti yọ fáànù,
ohun kékeré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Ihò kan nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọlé,
ihò kan lókè kó rí ọ̀nà jáde,
àwọ̀n ẹ̀fọn lójú méjèèjì.
"Kò gbọdọ̀ gbá wọn létí," ó ní,
"kó kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá
bí àlejò tó mọ̀wàáhù."

Ó ku ilẹ̀kùn. Pákó sì ti tán.

Mo gbọ́ ayùn láti orí ibùsùn, n kò dìde.
Ọwọ́ mi ni gbogbo wàhálà yìí wà fún,
làkúrègbé ti ká ìka mi bí gbòǹgbò,
òróró ewé yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n lè de bọ́tìnnì.
Nígbà tí mo jáde,
ilẹ̀kùn yàrá Líber ló wà lórí tábìlì.
Ilẹ̀kùn tí mo ti fi pẹ́ńsù wọn ọmọ mi:
ọdún mẹ́rin, ọdún méje, ọdún mọ́kànlá.
Dardo gé e lókè ọdún mọ́kànlá.
Ìyókù ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri.

Bilbao ni Líber wà, ó ń nu fèrèsé ilé gogoro.
Ta ló ń sùn sí yàrá yẹn tó nílò ilẹ̀kùn?
Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.
N kò sọ ọ́.

Òjò oṣù kẹrin rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Lóru mo máa ń rọra ṣí i,
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìka mi lójú iná;
òórùn koríko tútù, òórùn èèpo ọsàn.
Ẹ̀ka tó gùn jù lọ kan ọdún méje gẹ́lẹ́.
Fáànù ń mí bí ẹni tó sùn.

Ní ọjọ́ kẹwàá Dardo tẹ ẹ̀ka kan wò.
Ó kán: páú.
Ó rẹ́rìn-ín tí eyín tó ti yọ hàn.

Lọ́jọ́ Sunday Líber pè.
"Ìyá, kí ló ń kùn lẹ́yìn yín yẹn?"
Mo ní àpótí tí bàbá rẹ kàn ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bàbá wo?
Pákó wo ló fi kàn án?"

Mo ní pákó lásán.

Dardo ti igbá mátè sọ́dọ̀ mi,
ó gbóná jù,
ó sì dìde lọ wo fáànù tí kò ní nǹkan kan tó ṣe é.